Mo kó dé Peckham, owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò mi fò sókè: ṣé orúkọ mi ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti kúrò ní Ìbàdàn wá sí ìlú Ọba. Lincoln ni mo kọ́kọ́ gbé, £690 ni mo sì san ní èṣí fún ìnṣọ́ránsì mọ́tò mi. Mo kó wá sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ kan náà kọ̀wé sí mi pé kí n san £1,180 láti sọ ọ́ dọ̀tun. Mọ́tò yẹn náà ni, n kò kọlu ẹnikẹ́ni, ọlọ́pàá kò sì dá mi dúró rí. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ní Bromley, tí mọ́tò rẹ̀ jọ tèmi, kò san tó ìdajì iye yẹn. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀. Ṣé nítorí orúkọ mi ni àbí nítorí àwọ̀ mi? Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀? Ní ilé, iye kan náà ni gbogbo wa ń san.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀ kò tíì dá yín lóhùn. Èèyàn ló jókòó yan ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa wò, èèyàn ló sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lò ó fún oníbàárà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá fẹ́, wọ́n lè wádìí bí £1,180 yín ṣe jẹ́ £1,180.

Bí mo ṣe rí i ní ṣókí nìyí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n wo àwọ̀ yín, kò sì gbà kí wọ́n fi orúkọ yín mọ ẹ̀yà yín kí wọ́n tó dá owó lé yín lórí. Peckham ló ṣeé ṣe kó fa èyí tó pọ̀ jù nínú àfikún yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin àti ará Bromley yẹn ní Peckham nínú, ó sì ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín tí kò tíì pẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò kúrò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá sì dé orí rẹ̀. Ní ti ìṣirò wọn, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan wà tó lè bá yín rí i.

Ìnṣọ́ránsì dà bí àjọ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, tó jẹ́ pé ẹni tí àjálù bá dé bá nìkan ló ń kó o. Iṣẹ́ ẹni tó ń dá owó lé e ni láti mọ iye tí àjálù ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ, kó sì pín in fún àwọn tó ń dá àjọ. Ẹ jẹ́ ká ní 100 mọ́tò bíi tiyín wà ní àdúgbò kan, tí márùn-ún nínú wọn ń forí kó ìjàǹbá tàbí olè lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ £6,000. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi iye wọ̀nyí ṣe. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £30,000, tí ẹ bá pín in sí 100, £300 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní àdúgbò mìíràn tó jẹ́ mẹ́wàá ló ń forí kó o nínú 100, £600 ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, awakọ̀ tó ṣọ́ra jù lọ ní àdúgbò méjèèjì lè jọ ara wọn bí ìbejì.

Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìpele kejì ni owó òṣìṣẹ́, owó àwọn tó ń dójútòfò fún ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn, èrè, àti owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ìnṣọ́ránsì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017, 12% ni ìjọba ń gbà. Nínú £1,180 yín, ó lé ní £126 tó jẹ́ ti ìjọba, ilé iṣẹ́ náà kàn ń bá wọn gbà á ni.

Ìpele kẹta ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ tó hàn gbangba jù farapamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìpele yìí, ilé iṣẹ́ ti mọ iye tí ewu yín ń ná wọn. Ohun tí wọ́n wá ń wò ni iye tí ẹ lè san láìṣe wàhálà. Bí oníbàárà bá jẹ́ ẹni tó máa ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún láì yẹ ibòmíràn wò, wọ́n á máa fi díẹ̀ kún owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Oníbàárà tuntun á wọlé ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ló máa san àlàfo rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ ìyà yìí jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Citizens Advice, àjọ tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn, gbé ẹ̀sùn ńlá kan dìde lórí rẹ̀. Nígbà tí FCA, àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ owó ní ìlú Ọba, wádìí ìnṣọ́ránsì mọ́tò àti ti ilé, wọ́n rí i pé mílíọ̀nù mẹ́fà oníbàárà ló ń san owó tó ga ju ewu wọn lọ ní ọdún 2018. Ká ní ìpíndọ́gba owó ewu wọn ni wọ́n san, £1.2 bílíọ̀nù ni ì bá ṣẹ́kù sápò wọn lọ́dún yẹn nìkan.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, FCA fòfin dè é. Owó tí ilé iṣẹ́ bá ní kí ẹ fi sọ ìnṣọ́ránsì yín dọ̀tun kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà tuntun tó jọ yín, tó sì gba ọ̀nà kan náà wọlé. Òfin mìíràn ti wà láti oṣù kẹrin ọdún 2017 pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí ẹ san ní ọdún tó kọjá sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ lè fojú ara yín rí àfikún. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ yín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ lo àdírẹ́sì Peckham, mọ́tò kan náà, excess kan náà (iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀), irú ààbò kan náà. Bí iye tó jáde bá kéré sí £1,180, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ti ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí iye kan náà bá jáde ńkọ́? A jẹ́ pé àdúgbò ló fà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le.

Àwọn tó ń ṣírò owó máa ń sọ pé àdúgbò sọ òtítọ́. Ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, mọ́tò fún pọ̀ mọ́ra, ojú títì ni ọ̀pọ̀ ń sùn, olè ń jí wọn, owó àwọn tó ń ṣàtúnṣe sì wọ́n ju ti Lincoln lọ. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí èyí, ìwé kíléèmù wọn wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n postcode, àmì tó ń fi àdúgbò hàn nínú àdírẹ́sì, máa ń ru ẹrù mìíràn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Citizens Advice gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó ń fi nǹkan bí £250 san ju àwọn òyìnbó lọ fún ìnṣọ́ránsì mọ́tò lọ́dún, ní ìpíndọ́gba. Ní postcode tí àwọn tí kì í ṣe òyìnbó bá ti lé ní ìdajì àwọn olùgbé, ìyàtọ̀ náà tó £280. Nígbà tí wọ́n rán àwọn èèyàn lọ béèrè iye owó láti àdírẹ́sì kan náà, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín òyìnbó àti ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín pé kì í ṣe orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni ọkàn mi kò fi balẹ̀: wọn kò nílò orúkọ yín mọ́, àdírẹ́sì ti sọ ibi tí àwọn èèyàn yín ń gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1881, ilé iṣẹ́ Prudential ti Amẹ́ríkà kéde pé owó tí àwọn yóò san lórí ikú àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣirò ikú ni wọ́n fi gbèjà ara wọn: wọ́n ní àwọn aláwọ̀ dúdú ń tètè kú. Iye ikú tí wọ́n kà lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọn kò kà ni ìṣẹ́, ilé tí kò dára àti àìrí dókítà, tó ń pa àwọn èèyàn náà. Ìpínlẹ̀ Massachusetts fòfin de irú rẹ̀ ní 1884. Ohun tó yẹ ká rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ìṣirò pé kò tó láti sọ pé owó tọ́. Ó yẹ ká béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ìṣirò, àti ẹni tó yẹ kó ru ẹrù rẹ̀.

Òfin Equality Act ti 2010 mọ èyí. Yàtọ̀ sí pé ó ka ìyàsọ́tọ̀ gbangba léèwọ̀, ó tún ka èyí tó gba ẹ̀yìn wọlé léèwọ̀: ìlànà tó dà bíi pé ó kan gbogbo èèyàn bákan náà, àmọ́ tó ń ni ẹ̀yà kan lára ju ìyókù lọ, àfi bí ẹni tó ṣe ìlànà náà bá lè fi hàn pé ìdí rẹ̀ tọ́ àti pé kò kọjá àyè. Ilé iṣẹ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá. Àmọ́ báwo ni nọ́ọ̀sì kan ṣe fẹ́ fi hàn ní kóòtù pé ìlànà kan ń ni ẹ̀yà rẹ̀ lára, nígbà tí kò rí ìlànà náà sójú? Ìdí nìyí tí òfin tó dára yìí kò fi tíì ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ lè yẹ ìṣirò wọn wò fún irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe láti yọ ohun kan kúrò nínú ìṣirò. Tẹ́lẹ̀, obìnrin ń san owó tó kéré sí ti ọkùnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dájọ́ pé ìyẹn kò tọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2012, gbogbo ilé iṣẹ́ adójútòfò ní láti jáwọ́. Wọ́n jáwọ́, wọn kò wó. Òótọ́ ni pé títí dòní, owó tí ọkùnrin ń san ṣì ga ju ti obìnrin lọ ní ìpíndọ́gba, torí irú mọ́tò, irú iṣẹ́ àti ìtàn ìjàǹbá ń sọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ béèrè mọ́. Ọjọ́ orí ní tiẹ̀, òfin ṣì gbà wọ́n láyè láti wò ó, bí wọ́n bá ní ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé.

Ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà tó wù mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, àwọn ará ìlú dìbò fún òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 103. Ó pàṣẹ pé ohun mẹ́ta ni kó ṣe pàtàkì jù nínú owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò: bí èèyàn ṣe ń wakọ̀ sí, iye máìlì tó ń wà lọ́dún, àti iye ọdún tó ti ń wakọ̀. Ibi tí èèyàn ń gbé kò gbọ́dọ̀ borí wọn. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé owó rẹ̀ lọ fún kọmíṣọ́nà kó tó lò ó, ará ìlú sì lè ka ìwé náà kó sì ta kò ó. Òfin yìí ní ìnira tirẹ̀, torí ìyọ̀ǹda máa ń pẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì máa ń kùn. Síbẹ̀ ó yàn pé kí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ wí tẹnu rẹ̀ kí ó tó gba owó. Ní ìlú Ọba, FCA kì í fọwọ́ sí owó kọ̀ọ̀kan. Òfin Consumer Duty tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023 ní kí ilé iṣẹ́ rí i pé ohun tí wọ́n ń tà tó iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ àti FCA ni ẹ̀rí rẹ̀ ń wà.

Ẹ mẹ́nu kan ilé. Lóòótọ́, ní Nàìjíríà, ìnṣọ́ránsì third party (èyí tó ń san fún ẹni tí ẹ bá kọlù) fún mọ́tò aládàáni di ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Iye kan náà ni ní Bódìjà àti ní Ìsẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣe kedere tó ìyẹn, gbogbo èèyàn mọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi mọ́tò àlòkù rọra lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi nìkan ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sá eré àsápajúdé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó ti ń wakọ̀ fún ogún ọdún láì kọlu ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀dínwó kankan fún un. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìdọ́gba pátápátá. Kí owó hàn gbangba jẹ́ ohun kan, kó tọ́ sí ẹni tó ń san án tún jẹ́ ohun mìíràn, méjèèjì ló sì yẹ ká máa béèrè.

Ní ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀: Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè pààrọ̀ ìwé àṣẹ wọn sí ti ìlú Ọba. Ẹ lè fi ti ilé wakọ̀ fún oṣù 12, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Nítorí náà, lójú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí ẹ yege ìdánwò yẹn ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Gbogbo ọdún tí ẹ fi wakọ̀ láti Challenge dé Mọ́kọ́lá, wọn kò kà á sí. Èyí jẹ́ ìrẹ́jẹ lójú tèmi, torí ìrírí kì í sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń béèrè nípa ìwakọ̀ ní òkè òkun. Ẹ wá bùrókà tí FCA fún láṣẹ, kí ẹ sì ní kó wá irú wọn fún yín.

Ẹ tún gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹ̀ wò. Iye máìlì tí ẹ kọ nígbà tí ẹ wà ní Lincoln lè ti dínkù bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ibi tí mọ́tò ń sùn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń lọ tọ́jú aláìsàn nílé wọn, ẹ nílò ààbò ti iṣẹ́, bí ẹ kò bá sì lọ, ẹ má ṣe san owó rẹ̀. Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi àpótí tó ń wo bí ẹ ṣe ń wakọ̀ sínú mọ́tò. Ó dára fún ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò tíì pẹ́, torí ìwakọ̀ tiyín ni yóò máa sọ̀rọ̀ dípò àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè dáadáa: òmíràn máa ń ka wíwakọ̀ lóru sí ewu, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru sì máa jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ má san án lóṣooṣù, torí ẹ̀yáwó ni ìyẹn, èlé rẹ̀ sì máa ń le. FCA bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí èlé yẹn ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nítorí pé àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń san án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ yín ní Lincoln. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, òfin ọdún 2012 gbà wọ́n láyè láti fagi lé ìnṣọ́ránsì náà kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀. Ẹ sá fún àwọn bùrókà ayédèrú tó ń polówó ìnṣọ́ránsì pọ́ọ́kú lórí WhatsApp àti Instagram, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ ilé wa. Ìwé tí wọ́n á fún yín lè dára lójú kó má sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú láìní ìnṣọ́ránsì lè san £300, kó gba póńtì mẹ́fà sórí ìwé àṣẹ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ kọ lẹ́tà méjì. Nínú èkíní, ẹ béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa yín sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n rí gbà láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Òfin ààbò ìsọfúnni ní kí wọ́n fún yín láàárín oṣù kan, láìgba owó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ka ìjàǹbá ẹlòmíràn sí oníbàárà lọ́rùn, àfi ìgbà tó béèrè ló tó mọ̀. Èkejì ni ẹ̀sùn. Ẹ bi wọ́n léèrè mélòó nínú £490 tí wọ́n fi kún un ló jẹ́ ti àdúgbò, mélòó ló jẹ́ àfikún tó kan gbogbo oníbàárà, àti pé ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó postcode yín ń ni ẹ̀yà kan lára. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti dáhùn. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní oṣù mẹ́fà láti gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn yẹn kò ní dá owó tuntun lé e fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ilé iṣẹ́ gbé ìṣirò tí wọ́n fi pa mọ́ fún yín wá, kí wọ́n sì wò ó bóyá bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn tó jọ yín ni wọ́n ṣe fún yín. Àwọn ni mo sọ pé wọ́n lè bá yín rí i.

Ẹ má dúró de ìdáhùn kí ẹ tó wá ibòmíràn. Ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì ti Lincoln bá parí kò gbọ́dọ̀ bá yín láìní òmíràn, ẹ sì lè máa bá ẹ̀sùn yín lọ kódà bí ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn.